Kí A Tó Kó Àwọn Mẹkáníìkì Kúrò Lábẹ́ Igi Ọdán

Èmi alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ yín ni mo tún dé. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á wo bí èyí ṣe gùn tó, á ní òun á kà á tó bá di Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé, nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oríta ni.

Ẹ rántí ìpàdé tó kọjá. Wọ́n dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ kọ́ ilé ìtajà alájà méjì sí ilẹ̀ tí àwọn mẹkáníìkì wà ní oríta, lábẹ́ igi ọdán, kí àwọn mẹkáníìkì sì wá ibòmíì lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé orí WhatsApp, ó di ariwo. Ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Kí gan-an ni àwọn elépo dúdú yẹn ti ṣe fún ìlú yìí?" Ó dùn mí. Mo ti ń tẹ èsì lọ́wọ́ kí màmá mi tó ní ọmọdé kì í bá àgbà fa ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ni mo bá mú ìwé àkọsílẹ̀, mo sì fi ọ̀sẹ̀ méjì nínú ìsinmi ilé ìwé jókòó ti àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn, pẹ̀lú ohun tí mo kà nípa iṣẹ́ mọ́tò nílẹ̀ wa, ni mo kó jọ síbí. Ìbéèrè ẹni yẹn ni mo fẹ́ dáhùn.

Kí n má parọ́ fún yín, mo ní apá kan tí mo wà. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin kọ́ṣẹ́ lábẹ́ igi yẹn. Owó tó rí níbẹ̀ la fi ra fọ́ọ̀mù JAMB mi, ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ọdún 1901 ni rélùwéè ti Èkó dé Ìbàdàn. Ọ̀nà mọ́tò tí wọ́n máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ni èyí tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, ní 1906. Kí mọ́tò tó dé, ẹni tó mọ irin lọ́dọ̀ wa ni alágbẹ̀dẹ, ẹni tó mọ pákó ni gbẹ́nàgbẹ́nà. Àwọn méjèèjì yìí ni mọ́tò bá nílé. Ọ̀pọ̀ lọ́rì tó ń ti ìlú òyìnbó wọlé nígbà náà kò ní ara: ẹ́ńjìnì, táyà àti férémù irin rẹ̀ ló ń bá ọkọ̀ ojú omi dé. Àwọn káfíńtà wa ló ń kan pákó mọ́ ọn lára, tí wọ́n ń kùn ún, tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí iwájú rẹ̀. Bọ́lẹ̀kájà tí ẹ̀yin àgbà wọ̀ lọ sí Èkó, ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà wà nínú rẹ̀ dáadáa.

Ní Èkó, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ W. A. Dawodu. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ó ń tún kẹ̀kẹ́ àti mọ́tò ṣe, ó ń kó wọn wọlé, ó sì ń tà wọ́n, títí ó fi di ọ̀kan lára àwọn aṣáájú iṣẹ́ mọ́tò ní Nàìjíríà. Kì í ṣe òyìnbó o, ọmọ Èkó ni. Mo mú un wá síbí nítorí ohun tí èmi fúnra mi ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ ni pé àwọn kọ́ńpìnnì òyìnbó ló kọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, tí àwa kàn wá ń wò wọ́n ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ọmọ ilẹ̀ wa ti ń dá ṣọ́ọ̀bù mọ́tò tirẹ̀ ní.

Lóòótọ́ ṣá, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ló kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Rélùwéè ní ibi àtúnṣe ńlá ní Ẹ̀búté Mẹ́ta. PWD tó ń ṣe ọ̀nà fún ìjọba ní tiwọn. UAC àti àwọn oníṣòwò yòókù tó ń ta mọ́tò náà ní ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin á wọ ibẹ̀ bíi lébìrà, á máa gbé sípánà fún fítà, ojú rẹ̀ á là díẹ̀díẹ̀, á ṣe Trade Test, á bẹ̀rẹ̀ láti onípò kẹta títí dé àkọ́kọ́. Tó bá yá, á rí i pé owó oṣù kò gbọ́ bùkátà mọ́. Á kó irinṣẹ́ rẹ̀, á wá igi tó ní ibòji lẹ́bàá ọ̀nà. Bí ṣọ́ọ̀bù aládàáni ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú nìyẹn. Igi ló ṣáájú páànù.

Ti ìlú wa gba ọ̀nà mìíràn, ó gba Gánà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá dàgbà tó mọ bí àwọn èèyàn wa ṣe ya wọlé nígbà náà, tí ẹlòmíì kò rí nǹkan gbé ju ẹrù orí lọ. Láàárín wọn ni bàbá kan ti wá láti Kumasi, ìlú tí iṣẹ́ mẹkáníìkì ti gbilẹ̀ títí dòní. Ẹni tó bá dé Suame níbẹ̀ á rí i pé ibẹ̀ ju ọjà lọ. Ní Gánà, fítà ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà wa fi ń pe bàbá náà ní bàbá fítà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì fún mi láyè, ṣùgbọ́n ẹ mọ ilé tí mò ń sọ. Àpótí igi kan tó kún fún sípánà ló gbé dé. Ìyàwó rẹ̀ ní àpótí yẹn ló jẹ́ kí ẹrù tòun ṣẹ́kù sí Kumasi. Ìyá náà ṣì wà láyé, ó ń sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín báyìí, àmọ́ ẹ̀rín yẹn pọ̀n díẹ̀.

Kò sí mẹkáníìkì kankan ní ìlú nígbà náà. Tí lọ́rì bá kú sí ọ̀nà oko, wọ́n á ránṣẹ́ sí ìlú ńlá, ó sì lè jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin pẹ̀lú kòkó lórí rẹ̀. Mọ́gàjí tó ni ilẹ̀ oríta ló ní kí bàbá fítà dúró lábẹ́ igi ọdán. Ìgò ọtí kan ló gbà, pẹ̀lú obì. Kò sí ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú sí gbólóhùn yìí, mo ń padà bọ̀ lórí rẹ̀.

Bàbá fítà kò tíì pẹ́ níbẹ̀ nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo Nàìjíríà yí ọwọ́ padà. Títí di ìgbà yẹn, ọwọ́ òsì ọ̀nà la ń wa mọ́tò sí bíi ti ìlú ọba. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ọmọ ìwé bíi tèmi á ka èyí nínú ìwé, á ní ó tán, wọ́n yí i. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó wà níbẹ̀ léèrè. Bọ́ọ̀sì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà lápá òsì, àárín ọ̀nà ni èrò yóò máa bọ́ sí báyìí. Wọ́n ní láti dí ilẹ̀kùn kan, kí wọ́n gé òmíràn sí apá kejì. Ẹni tó lówó ní kí wọ́n gbé sítíárì rẹ̀ kúrò lọ́tùn-ún sí òsì. Ìjọba ṣe òfin, ó dára, ṣùgbọ́n ta ló fi iná àti irin ṣe é? Àwọn wẹ́dà àti mẹkáníìkì abẹ́ igi ni. Ọmọ iṣẹ́ bàbá fítà kan, tó ti di àgbà báyìí, sọ fún mi pé iṣẹ́ ọdún yẹn ni bàbá fi kan páànù àkọ́kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù.

Lẹ́yìn náà ni owó epo rọ̀bì dé. Ìgbìmọ̀ Udoji ní kí wọ́n fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì san èyí tó ti kọjá papọ̀, ní nǹkan bíi 1975. Tíṣà tó ń gun kẹ̀kẹ́ ra alùpùpù, ọ̀gá àgbà tó ń gun alùpùpù ra mọ́tò. Ọdún 1975 yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kaduna àti ti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò jáde. Ẹ wo ohun tí èyí ṣe fún ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré. Irú mọ́tò méjì péré ló kún títì: 504, àti Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá. Ẹni tó bá mọ méjèèjì, ó jẹun kánrin. Ìjàpá ní ẹ́ńjìnì tirẹ̀ lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, kò ní rédíétọ̀ rárá, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń pariwo pé omi mọ́tò òun gbẹ. Ní ti 504, ilẹ̀ Faransé ti dẹ́kun rẹ̀ ní 1983, àmọ́ Kaduna ṣì ń tò ó jáde lẹ́yìn ọdún 2000. Ronú sí i, ọmọ iṣẹ́ tó kọ́ 504 ní 1976 lè fi jẹun títí ọmọ tirẹ̀ á fi jáde yunifásítì. Ìmọ̀ kan kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé ìsinsìnyí.

Mo bi àwọn ọ̀gá pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ohun tó ń ṣe mọ́tò nígbà yẹn, tí kò sí kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá kan dìde, ó mú síkúrúù-díráfà gígùn kan, ó ti ẹnu rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì tó ń ṣiṣẹ́, ó ti ìdí rẹ̀ mọ́ etí ara rẹ̀. Ó ní kí èmi náà gbọ́. Mo gbọ́ kìkì ariwo. Òun gbọ́ pé fáàfù kan ló ń lu ìlù tí kò yẹ kó lù. Ó tún fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì: wọ́n á tẹ́ páálí lé ojú irin, wọ́n á máa fi họ́mà kékeré lù ú jẹ́jẹ́ ní etíetí, páálí á gé ara rẹ̀ bí irin ṣe rí gẹ́lẹ́. Mo ń kẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì, ẹ̀yin èèyàn mi, kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní èyí.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ṣọ́ọ̀bù yẹn ṣe ń rìn, nítorí mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́, òbí rẹ̀ á mú un wá, wọ́n á kọ ìwé àdéhùn, oníduùró á fọwọ́ sí i. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni, ó wà lọ́wọ́ ọjọ́ orí àti owó tí òbí bá san. Ní ọdún àkọ́kọ́, ọmọ iṣẹ́ ò ní fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì. Fífọ irin nínú epo bẹntiróò ni, àti gbígbálẹ̀, àti mímọ sípánà. Ọ̀gá tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò á kàn na ọwọ́ jáde, á ní "mẹ́tàlá!" Tí o bá gbé méjìlá fún un, o ti mọ ohun tó máa bá orí rẹ. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọ̀gá á bẹ̀rẹ̀ sí í fi oníbàárà sílẹ̀ fún un. Níkẹyìn ni fúrídọ̀mù: wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á gbé ìwé ẹ̀rí fún un, ọ̀gá á sì fún un ní sípánà díẹ̀ bó bá lágbára. Nínú ìdílé tí kò rí owó ilé ìwé gíga san, ibí yìí ni ilé ìwé gíga wọn. Mo ka orúkọ inú ìwé àwọn ọ̀gá mẹ́ta, mo dá a dúró nígbà tí mo ka igba. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn orúkọ yẹn, ọmọ yín ni, tàbí bàbá yín. Ọ̀kan nínú wọn ló ń fi owó sílẹ̀ fún iná ojú títì ẹgbẹ́ wa lọ́dọọdún, ó wà nínú gúrúùpù yìí, ó dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó ṣọ́ọ̀bù le díẹ̀. Owó iṣẹ́ ọ̀tọ̀, owó ẹ̀yà ọkọ̀ ọ̀tọ̀. Oníbàárà kì í jiyàn lórí ẹ̀yà ọkọ̀, ó ṣáà rí i lójú. Owó iṣẹ́ ló máa ń já sí wẹ́wẹ́. Wákàtí mẹ́ta tí ọ̀gá fi wá ohun tó bàjẹ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ san an, wọ́n á ní, "Ṣebí sẹ́nsọ̀ kékeré yìí náà lẹ kàn pààrọ̀?" Ìdí tí àwọn kan fi ń bu owó lé ẹ̀yà ọkọ̀ nìyẹn, tí orúkọ gbogbo wọn fi bàjẹ́. Mi ò ní gbèjà ìyẹn. Mẹkáníìkì tó bá yọ ẹ̀yà tuntun lára mọ́tò rẹ, tó fi ògbólógbòó sí i, olè ni. Àmọ́ àwa tí kì í fẹ́ san owó ọgbọ́n, a lọ́wọ́ sí i.

Ní 1986, SAP dé. Náírà já wálẹ̀, mọ́tò tuntun kúrò ní ohun tí tíṣà lè fojú sí. Bí tọ́kúnbọ̀ ṣe gba ìlú nìyẹn. Ẹ wo ọgbọ́n àwọn èèyàn wa: orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun ni wọ́n gbé fún mọ́tò. Èyí tó ti Belgium wá, èyí tó gba Kọ̀tọ́nù wọlé, ìkọ̀ọ̀kan dé pẹ̀lú àìsàn tí kò sọ fún ẹnì kankan. Ṣọ́ọ̀bù kékeré wá di dandan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Sípánà pàápàá yí padà. Peugeot fẹ́ràn nọ́ńbà mẹ́tàlá, àwọn mọ́tò Japan ń lo méjìlá àti mẹ́rìnlá. Ọ̀gá kan mú sípánà mẹ́tàlá rẹ̀ hàn mí nínú àpótí, ó ti dógùn-ún. Ó ní, "Èyí ti fẹ̀yìn tì." Ẹ̀yà ọkọ̀ náà gba ọ̀nà tuntun: àwọn oníṣòwò Ìgbò, àwọn ará Nnewi pàápàá, ló gbé e dé Ládípọ̀ ní Èkó àti Agodi Gate ní Ìbàdàn, ibẹ̀ sì ni àwọn mẹkáníìkì wa ti ń rà á di òní.

Ìyípadà tó le jù ni èyí tí a kò fojú rí. Ní Amẹ́ríkà, láti mọ́tò ọdún 1996, òfin mú un ní dandan kí gbogbo mọ́tò kékeré ní ihò kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tí a lè ti kọ̀ǹpútà bọ̀, kó sọ ohun tó ń ṣe é. Nígbà tí tọ́kúnbọ̀ wọ̀nyẹn dé ọ̀dọ̀ wa, etí àti síkúrúù-díráfà nìkan kò tó mọ́. Àwọn ọ̀gá kan fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, èké ni. Àwọn tó kù ra ẹ̀rọ scanner, tàbí kí wọ́n rán ọmọ iṣẹ́ wọn lọ kọ́ ọ. Ẹ̀yin tó wà lókè òkun, ẹ má rò pé tiwa nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Ní 2012, àwọn ará Massachusetts dìbò pé kí àwọn tó ń ṣe mọ́tò má fi ìmọ̀ àtúnṣe mọ sọ́dọ̀ àwọn ṣọ́ọ̀bù tiwọn nìkan, kí ṣọ́ọ̀bù aládàáni náà lè rí i lò. Ìjà kan náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣojú mi. Kérésì tó kọjá, ẹ̀gbọ́n kan nínú wa gbé jíìpù wálé. Iná ẹ́ńjìnì tàn, mọ́tò ń fa ẹsẹ̀. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní ìgboro, wọ́n ní gíá ti kú, wọ́n pe owó tó lè ra alùpùpù mẹ́ta. Ó ń gbé e padà bọ̀ nílé pẹ̀lú ìbànújẹ́, ó kú sí oríta wa. Ọmọ iṣẹ́ kan lábẹ́ igi, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ti scanner kékeré bọ ihò náà, ó wò ó lórí fóònù, ó ní kí ọ̀gá òun wò ó. Ọ̀gá kò tún wo fóònù. Ó tẹ̀ lé wáyà láti bátìrì wálẹ̀, ó rí ibi tí wáyà ilẹ̀ ti jẹrà mọ́ férémù. Wọ́n gé e, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n dì í padà. Mọ́tò yẹn ló gbé ẹ̀gbọ́n náà padà sí Èkó. Ọmọ náà mọ ẹ̀rọ, ọ̀gá mọ mọ́tò, ìlú wa sì nílò kí àwọn méjèèjì wà lábẹ́ igi kan náà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù rèé. Nígbà kan, ọ̀gá yẹn ní ọmọ iṣẹ́ mọ́kànlá. Lónìí, méjì. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń gun ọ̀kadà nítorí owó ojúmọ́, àwọn kan wà nídìí kọ̀ǹpútà tí a ò ní dárúkọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí jálá kan tó wà lábẹ́ 200 náírà fò kọjá 450 lójú ẹsẹ̀, àwọn onímọ́tò ń gbé e sílé. Ẹ̀yà ọkọ̀ tún wọ́n nítorí dọ́là. Bẹ́ẹ̀ ìjọba ń sọ pé kí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í lo gáàsì CNG. Ta ni yóò fi í sí mọ́tò yín nílé, tí kò ní gbiná? Ẹni tó bá ti mọ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, tó lọ kọ́ ọ̀kan kún un ni. Kódà mo fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin wa wọ̀ ọ́. Láti 2004 ni Sandra Aguebor ti ń kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ mẹkáníìkì lábẹ́ Lady Mechanic Initiative. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àbúrò mi obìnrin ti ní òun fẹ́.

Nísinsìnyí, kí n jẹ́ olóòótọ́ sí àwọn tó ní kí wọ́n kó wọn kúrò. Ẹ jàre ní apá kan. Mo lọ wo kànga tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, omi rẹ̀ ń yọ òṣùmàrè epo lójú. Ọ́ìlì tí wọ́n rọ̀ lára mọ́tò, gọ́tà ló ń lọ. Bátìrì tó ti kú, ilẹ̀ ni wọ́n da ásíìdì rẹ̀ sí, òjé sì wà nínú ìyẹn, májèlé ni fún ọmọdé. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún àwọn ọ̀gá, inú bí ẹnì kan, ṣùgbọ́n méjì nínú wọn ní àwọn ti ń wá dúrọ́ọ̀mù tí wọn á máa da ọ́ìlì sí, nítorí àwọn kan wà tó ń rà á.

Ṣùgbọ́n kó wọn lọ síbo? Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń lé mẹkáníìkì kúrò lójú títì lọ sí abúlé mẹkáníìkì. Mo lọ wo ọ̀kan nítòsí ilé ìwé mi. Ilẹ̀ dúdú, kò sí gọ́tà, kò sí omi, ọ̀nà tó wọ ibẹ̀ ló ń ba mọ́tò jẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ìdọ̀tí kan náà ni, wọ́n kàn gbé e kúrò níbi tí ọ̀gá ńlá ti lè rí i. Àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ní oníbàárà àwọn ò tẹ̀ lé àwọn, pàápàá àwọn tí mọ́tò wọn kú sójú ọ̀nà.

Ilẹ̀ náà wá kù. Mo ní kí ẹ fi ojú sí i pé kò sí ìwé. Mọ́gàjí tó fún bàbá fítà níbẹ̀ ti lọ, bàbá fítà ti lọ, ìgò ọtí ni ẹ̀rí. Ìdílé tó ni ilẹ̀ ní àwọn kò tà á, àwọn mẹkáníìkì ní wọ́n fi àwọn síbẹ̀, ẹgbẹ́ ń sọ pé ti ìlú ni. Tí a bá kọ́ ilé ìtajà sí i báyìí, kóòtù ni yóò parí rẹ̀, kì í ṣe bíríkìlà.

Ohun tí ẹ̀ka ọ̀dọ́ yóò gbé wá sí ìpàdé nìyí. Kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú ìdílé onílẹ̀ àti àwọn mẹkáníìkì, kí wọ́n kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ̀ sílẹ̀. Tí a bá fohùn ṣọ̀kan pé kí wọ́n kúrò, kí ibi tuntun ti ní ọ̀nà, omi, iná àti ilẹ̀ tí a fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé sípánà kan. Tí kò bá sí owó ìyẹn, kí wọ́n dúró, kí a fi owó kékeré ra dúrọ́ọ̀mù ọ́ìlì, kí a sì dí kànga yẹn lóṣù yìí. Ẹni tó bá fẹ́ ta kò mí, mo ti ṣe tán, àmọ́ kó wá sí ìpàdé, kó má jẹ́ orí fóònù.

Ẹ̀bẹ̀ mi kan kù. Mo ń wá fọ́tò. Fọ́tò fúrídọ̀mù èyíkéyìí lábẹ́ igi ọdán, fọ́tò bọ́lẹ̀kájà tó jẹ́ ti ọmọ ìlú wa, ìwé àdéhùn ọmọ iṣẹ́ tó ti pẹ́, ẹ yà á kó hàn ketekete, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ bí wọ́n bá gbà. Ìyàwó bàbá fítà ní òun ní ọ̀kan tí wọ́n yà ní Kumasi, tí ọkọ òun jókòó lórí àpótí sípánà yẹn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń bá wa wá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ ni o, ẹ má fi ohùn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ránṣẹ́ sí mi. Dátà mi kò tó o.